Bí A Ṣe Lè Mú Ọkọ̀ Tí Ọ̀dà Rẹ̀ Ti Ṣá Dán Padà

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa olùkọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí òwe yìí mọ́. Bí ọ̀dà ọkọ̀ bá ti ṣá, tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí ó kun ẹfun, ọ̀nà méjì péré ni a mọ̀. Ẹni tí ó lówó á pe apẹ́ńtà kí ó fi ọ̀dà titun bò ó. Ẹni tí kò lówó á tà á ní iye tí kò tó nǹkan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀nà kẹta wà. Ọwọ́ ni ó gbà, àti àkísà tí ó mọ́, àti owó díẹ̀, àti sùúrù púpọ̀. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ fáàrí ni mo gbé dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún.

Awakọ̀ èrò ni bàbá mi. Ọ̀nà Ìlẹ̀ṣà sí Ìbàdàn ni ó ń ná, ọkọ̀ Peugeot 504 ni ó sì fi ń ná an, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí èrò ń jókòó ní ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ kò ní gbàgbé ọkọ̀ náà. Ní ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó di ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná, ní orílẹ̀-èdè tiwa níhìn-ín. Láìpẹ́, ó kún gbogbo gáréèjì.

Bàbá mi ra tirẹ̀ ní ọdún 1987 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan. Pupa fòò ni. Ní ọdún 1989, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí àwọn òbí mi, ṣàìsàn, ó sì kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Èmi kò mọ̀ ọ́n, nítorí ọmọ ọwọ́ ni mo wà nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bàbá mi gbé ọkọ̀ lọ bá ọkùnrin kan tí ń kọ nǹkan sí ara ọkọ̀, ó ní kí ó fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọmọ náà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. N kò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín, nítorí ìyá mi kò fẹ́ kí á máa pè é kiri. Ìyá mi kò mọ̀wé. Síbẹ̀ ó mọ orúkọ yìí bí ó bá ti rí i, nítorí ó mọ bí àwọn lẹ́tà rẹ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, ó sì mọ èyí tí ìrù rẹ̀ gùn jù nínú wọn.

Bàbá mi kú ní ọdún 2016. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, ọyẹ́ ń fẹ́ lù ú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí ó fi di ọdún 2022, pupa rẹ̀ ti di ràkọ̀ràkọ̀ bí osùn àná. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa á, ẹ̀bu á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Orúkọ ara ilẹ̀kùn náà ti ń wọ inú ẹ̀bu yìí lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di pé kí ènìyàn sún mọ́ ọn kí ó tó rí i.

Ìgbà yìí ni àbúrò mi ọkùnrin mú àbá wá. Ohun èlò ọkọ̀ ni ó ń tà, ọjà sì ti dá a lágara. Ó ní kí á ta ọkọ̀ náà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí á pín owó rẹ̀. N kò bá a bínú. Ọmọ mẹ́rin ni ó ń bọ́, iye tí wọ́n sì fẹ́ san lè ra ọjà díẹ̀ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá wa kò fọhùn títí ó fi sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ó wá wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ta ọkọ̀ náà, ṣé ẹ ó yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún mi ni?” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú wa.

Èmi náà dá àbá tèmi. Mo ní kí á tún ọkọ̀ náà ṣe kí ó máa gbé ìyá wa lọ sí ọjà, kí èmi sì máa san ìpín àbúrò mi fún un ní oṣooṣù títí yóò fi pé. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbọ́. Àmọ́ ojú ọkọ̀ yìí ńkọ́? Ẹ wò ó bí ó ti rí lójúde ilé wa.”

Mo mú apẹ́ńtà kan wá wò ó. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká họ gbogbo ẹ̀ dànù, ká fọ́n ọ̀dà titun sí i.” Mo bi í léèrè orúkọ ẹ̀yìn. Ó ní kí n wá ẹni tí yóò tún un kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ ní ìjelòó ti kú, bí ẹlòmíràn bá sì kọ ọ́, orúkọ náà lè pé, kì yóò jẹ́ èyí tí ìyá mi mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, iye tí ó pè ju owó oṣù mi mẹ́rin lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ. Èmi sì wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀dà bí olùkọ́ ti í wádìí ẹ̀kọ́ kí ó tó wọ kíláàsì. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí.

Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀dà ọkọ̀: ẹ̀bu tí ó fún un ní àwọ̀, àti oje tí ó so ẹ̀bu náà pọ̀ tí ó sì ń mú un dán. Oòrùn ni ọ̀tá oje yìí. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ìtànṣán kan wà tí ojú wa kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ultraviolet. Òun pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àti omi ni wọ́n jọ ń jẹ oje náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá. Bí oje bá ti kú, ẹ̀bu àwọ̀ kò ní ohun tí ó dì í mú mọ́, ojú ọ̀dà á sì di hẹ́rẹhẹ̀rẹ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bọ́ sí irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í padà tààrà bí ó ti ń padà lójú dígí. Ńṣe ni ó ń fọ́n káàkiri. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ pupa fi ń hàn bí ẹni pé ó funfun. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí àwọn ni wọ́n kọjú sí oòrùn gangan. Ọ̀dà pupa sì wà lára àwọn tí ó tètè ń ṣá.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀. Ojú òkè nìkan ni ó kú. Ọ̀dà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Nítorí náà, iṣẹ́ wa kì í ṣe pé kí á fi nǹkan kún un, bí kò ṣe pé kí á bó awọ tí ó ti kú kúrò. Ẹ rántí ewé ìpín, ewé tí ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, tí àwọn agbẹ́gilére àti àwọn onígbá fi ń ha iṣẹ́ wọn kí ó lè dán. Irú iṣẹ́ kan náà ni ìpara tí àwọn apẹ́ńtà ń pè ní rọ́bíìnì ń ṣe. Èérún líle tí ó kéré jọjọ ni ó wà nínú rẹ̀, òun ni ó ń ha òkú ọ̀dà kúrò.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà. Gbogbo ọ̀dà tí ó wà lára ọkọ̀, láti orí irin títí dé òkè, kò nípọn ju ewé ìwé kan tàbí méjì nínú ìwé tí ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ bá ti ha kúrò níbẹ̀ kò tún ní padà mọ́.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ irú ọ̀dà tí ẹ ń bá ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, àwọ̀ àti dídán wà nínú ìpele kan náà. Nínú ti ìsinsìnyí, ìpele àwọ̀ wà nísàlẹ̀, wọ́n sì fi ìpele mìíràn tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì bò ó lórí. Kílíà ni àwọn apẹ́ńtà ń pè é. Ẹ mú aṣọ funfun, ẹ bu pọ́líìṣì díẹ̀ sí i, kí ẹ fi pa ibi kọ́lọ́fín kan. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá yọ sára aṣọ, irú ti àtijọ́ ni. Bí kò bá yọ, kílíà ni ẹ ń pa. Bí kílíà náà bá sì ti ń ṣí bí ejò tí ń bọ́ awọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Kò sí pọ́líìṣì tí ó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Apẹ́ńtà ni ó ni iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo pa ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn awakọ̀ lára ọkọ̀ bàbá mi, aṣọ mi pọ́n bí ẹni tí ó tọwọ́ bọ igbá osùn. Inú mi dùn gidigidi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, nínú ìsinmi oṣù Kẹjọ, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ tí irin ọkọ̀ kò sì gbóná. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti ṣe é. Lórí irin tí oòrùn ti sun, ìpara á ti gbẹ kí ẹ tó pa á dé ibì kan.

Ọjọ́ kìíní, mo fọ̀ ọ́. Garawa méjì ni mo lò: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán tí mo fi ń ṣan aṣọ kí n tó tún rì í bọ inú ọṣẹ. Láti orí òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ wá sísàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni iyanrìn pọ̀ sí jù. Ẹyọ iyanrìn kan tí ó bá kù lábẹ́ aṣọ yín á máa ya ọ̀dà bí èékánná. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi tí ó ti gan, ẹ má fi èékánná ha wọ́n. Ẹ fi aṣọ tútù lé wọn lórí títí wọn yóò fi rọ̀. Nígbà tí ó gbẹ, mo ki ọwọ́ sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ọjà, mo sì fi ra ara ọkọ̀. Ẹ dán èyí wò: ohun tí ọwọ́ lásán kò gbọ́, ọwọ́ inú ọ̀rá á gbọ́ ọ. Ibi tí mo bá ti gbọ́ hóró hóró, mo tún un fọ̀.

Ọjọ́ kejì, òróró. Ẹni tí ara rẹ̀ funfun nígbà ọyẹ́, bí ó bá fi àdí àgbọn pa á, àwọ̀ rẹ̀ á tún hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà tí ó gbẹ. Pọ́líìṣì kan wà tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì ní èérún líle. Mo fi pa gbogbo ara ọkọ̀, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó nù ún. Kì í ṣe òróró ìdáná ni mo wí o, kì í sì í ṣe kẹrosíìnì tàbí dísù. Mo ti rí ẹni tí ó fi irú wọn pa ọkọ̀ kí ó lè rí i tà. Ó dán títí di ọ̀sán, ẹ̀yìn náà ni eruku ìgboro lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ kẹta ni iṣẹ́ gan-an. Mo fi téèpù àwọn apẹ́ńtà bo gbogbo etí àti ìgun ara ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Mo bo orúkọ ẹ̀yìn náà. Pọ́líìṣì tí ó rọ̀ jù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí kò bá gbọ́ ni mo tó fi rọ́bíìnì kàn. Ibi tí mo ń pa lẹ́ẹ̀kan kò fẹ̀ ju ìwé ìròyìn yìí lọ bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀. Mo ń pa á lọ, mo ń pa á bọ̀, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, mo sì ń pààrọ̀ ojú aṣọ bí ó bá ti kún fún òkú ọ̀dà. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, pupa kan yọ lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì tí n kò rí láti ìgbà ọmọdé mi.

Àbúrò mi dé ní ọ̀sán. Ó dúró, ó wò ó títí. Ó ní òun lè yá ẹ̀rọ oníná tí ń yí bírí wá, kí iṣẹ́ lè yá. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ náà dára lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n ó ń mú ọ̀dà gbóná, kì í sì í pẹ́ ha etí dé irin, àti pé ọ̀dà tí a ní kù kò tó èyí tí à ń fi kọ́ṣẹ́. Kò fèsì. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó mú aṣọ kan nínú èyí tí mo tò kalẹ̀, ó sì bọ́ sí apá kejì. A kò sọ̀rọ̀ owó ní ọjọ́ náà.

Ní àárín òrùlé, a rí ibì kan tí ó tó àtẹ́lẹwọ́, tí oòrùn ti jẹ ọ̀dà ibẹ̀ tán, tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí ó rí bí eérú ti yọjú. A kò fi rọ́bíìnì kàn án. Ó wà níbẹ̀ di òní yìí, ẹni tí ó bá ga ní í rí i.

Ọjọ́ kẹrin, mo ṣí téèpù kúrò lórí orúkọ náà. N kò jẹ́ kí èérún kankan débẹ̀. Òwú tútù ni mo fi nu lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni mo fi orí ìka mú pọ́líìṣì olóróró, mo sì ń fi pa á gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti í fi òróró pa orí ọmọ titun. Ẹ̀bu pupa tí ó ti wọnú funfun lẹ́tà náà ń jáde díẹ̀díẹ̀.

Ìda ni ó kẹ́yìn. Pọ́líìṣì ń bó òkú awọ. Ìda ń bo èyí tí ó yè kí omi àti ìdọ̀tí má tètè ráyè sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ìda tí ó lókìkí jù fún ọkọ̀ ni carnauba. Ara ewé ọ̀pẹ kan tí ó ń hù ní apá àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bràsíìlì ni wọ́n ti ń rí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ọ̀pẹ náà sì fi ìda bo ewé ara rẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ tán. Àwọn ará ibẹ̀ á sá ewé náà, wọ́n á lù ú kí ẹ̀bu ìda lè jábọ́, wọ́n á sì yọ́ ọ. Ó le ju ìda oyin lọ. Ìda oyin á yọ́ ní nǹkan bí 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Carnauba á dé 82, ó kéré tán. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi í pa á, bí ẹ ti ń fi pọ́líìṣì pa bàtà. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, kí ẹ tó fi aṣọ tí ó mọ́ nù ún. Èyí tí ó nípọn kò sàn ju èyí tí ó fẹ́lẹ́ lọ. Ńṣe ni ó ń fi ìda ṣòfò.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá wa jáde sí wa. Ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ìka tọ lẹ́tà kìíní, ó tọ èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan èyí tí ìrù rẹ̀ gùn. Kò pe orúkọ náà. Ó ní, “Ó pé.” Ó wọlé, ó sì gbé oúnjẹ wá fún èmi àti àbúrò mi.

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ kì yín nílọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ fẹ́ ta ọkọ̀, ẹ lè pa á kí ó dán, ṣùgbọ́n pọ́líìṣì kò wo ìpẹtà sàn. Ibi tí irin bá ti ń jẹra lábẹ́ ọ̀dà, ẹ fi han ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ń fọ ọkọ̀ lójú títì fi ọṣẹ ẹlẹ́bu tí a fi ń fọ aṣọ fọ ọkọ̀ yín, nítorí ó ń ṣí ìda kúrò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mú fóòmù tí ó ti jábọ́ sínú iyanrìn kàn án. Bí ẹ kò bá ní gáréèjì, ẹ wá ìbòòji ilé. Abẹ́ igi dára fún ìtura, ṣùgbọ́n oje àti ìgbẹ́ ẹyẹ wà níbẹ̀. Nínú irú oòrùn tiwa yìí, ẹ fi ìda kùn ún ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ẹ bá da omi sí i tí omi náà kò ṣù bí ìrì ara ewé kókò mọ́, àkókò ti tó.

Mo san ìpín àbúrò mi pé ní ìparí ọdún 2023. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wa ìyá wa lọ sí ọjà, òun náà ni ó sì ń rán mi létí pé oṣù mẹ́ta ti pé, kí n gbé ìda wá.